Ìmóríyá Òṣìṣẹ́ ní Ilẹ̀ Èkó: Ẹ̀kọ́ láti Inú Ìtàn Àwọn Òṣìṣẹ́ Rélùwéè Èbúté-Mẹ́ta

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá pé iṣẹ́ ìjọba, a kì í làágùn ṣe é. Àpilẹ̀kọ yìí wá ìdí irú èrò bẹ́ẹ̀ kàn nípa títọpasẹ̀ ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, láti ìgbà tí iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní 1896 títí di ìgbà tí wọ́n ṣí ojú irin tuntun ní 2021. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé owó oṣù tí ó tó jẹun ni ìpìlẹ̀ ìmóríyá, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ilé. Ìdájú, àpọ́nlé, ìrètí ìgbéga àti etí ìgbọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n parí iṣẹ́ náà. Ó tún fi hàn pé ẹ̀tọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi ìjà gbà lè pa ebi, ṣùgbọ́n kì í sábà mú orí yá.

1.0 Ìfáàrà

Èbúté-Mẹ́ta wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland. Ó bá Yábàá pààlà, kò sì jìnnà sí Sùúrùlérè àti Mùṣin. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ rélùwéè wà, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọmọ Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà ṣe di òṣìṣẹ́ olówó oṣù, ó di dandan kí ó gba Èbúté-Mẹ́ta kọjá.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá tàbí ọmọ abẹ́ rí: kí ni ó ń mú kí òṣìṣẹ́ fi tọkàntọkàn ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀? Nígbà tí Yorùbá bá ní orí ẹnì kan yá sí iṣẹ́, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kò sí ẹni tí ó ń fi pàṣán lé e. Ara rẹ̀ ni ó ń tì í. Ìdí nìyí tí a fi pe ohun tí ó ń fa irú ìtara bẹ́ẹ̀ ní ìmóríyá nínú iṣẹ́ yìí.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí kókó yìí. Ní 1943, Abraham Maslow ṣàlàyé pé àìní ẹ̀dá wà ní ìpele-ìpele, láti orí oúnjẹ àti ààbò dé orí iyì àti ìmúṣẹ ẹ̀bùn ẹni. Ní 1959, Frederick Herzberg àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: àwọn ohun tí àìsí wọn máa ń bí òṣìṣẹ́ nínú, bí owó oṣù àti ipò tí ibi iṣẹ́ wà, àti àwọn ohun tí wíwà wọn máa ń mú un tara ṣàṣà, bí ìyìn, ìgbéga àti iṣẹ́ tí ó ní láárí. Ṣùgbọ́n kí a tó wọ òkè òkun lọ yá ọgbọ́n, àwọn àgbà wa ti ní yinniyinni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn. Wọ́n sì tún ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe méjèèjì yìí ni òpó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ̀yìn tì. Èkejì ń sọ̀rọ̀ owó. Èkíní ń sọ̀rọ̀ ohun tí owó kò lè rà. Ìtàn rélùwéè jẹ́ ìtàn bí àwọn aláṣẹ ṣe ń gbọ́ ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gbàgbé èkejì.

2.0 Iṣẹ́ àti Ìmóríyá láwùjọ Yorùbá kí Rélùwéè tó Dé

Kì í ṣe pé àwọn Yorùbá kò mọ iṣẹ́ àṣekára kí òyìnbó tó dé. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ètò tí wọ́n fi ń kó ọwọ́ jọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó yẹ kí a mẹ́nu bà.

Èkíní ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tí ó fẹ́ ṣánko yóò ké sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò ní san owó fún wọn, ṣùgbọ́n yóò pèsè oúnjẹ àti ẹmu tí ó tó, ojú ni yóò sì tì í bí àwọn ènìyàn bá ti ibi ọ̀wẹ̀ rẹ̀ fi ebi lọ sílé. Orin àti ìdíje a máa wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, gbogbo ayé a sì máa mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Èkejì ni àáró, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lóko ẹlòmíràn lónìí mọ̀ dájú pé oko tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Ẹ̀kẹta ni ètò ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, agbẹ́gilére, ahunṣọ àti àwọn oníṣọ̀nà mìíràn. Ọmọ-iṣẹ́ lè má gba kọ́bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ ó ń fara dà á, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò gba òmìnira, tí wọn yóò sì máa pe òun ní ọ̀gá.

Bí a bá wo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dáadáa, a ó rí ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, àpọ́nlé wà. Nínú àáró, ìdájú wà pé ohun tí a fún ni yóò padà wá. Nínú ètò ọmọ-iṣẹ́, ìrètí ìgbéga wà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni iṣẹ́ ìwọ̀fà àti iṣẹ́ ẹrú. Ìwọ̀fà ń fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ele owó tí ẹbí rẹ̀ jẹ, owó náà gan-an kì í sì í dín kù bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó. Ẹrú ní tirẹ̀ kò ní oko tí ó dá lójú pé yóò jẹ́ tòun. Kò sí ẹni tí ó ń retí pé kí orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yá. Ìyàtọ̀ láàrin àáró àti ìwọ̀fà ni àwọn ènìyàn fi wọn iṣẹ́ òyìnbó nígbà tí ó dé.

3.0 Iṣẹ́ Owó Dé: 1896 sí 1931

Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Ìdó ní Èkó. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ní 1912, wọ́n da rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ èyí tí ó wá láti Baro sí Kano, ó sì di rélùwéè kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Nàìjíríà. Wale Oyemakinde, tí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí òṣìṣẹ́ àsìkò yìí, fi hàn pé wíwá ènìyàn sí iṣẹ́ náà kò rọrùn. Àgbẹ̀ kò fẹ́ fi oko rẹ̀ sílẹ̀ ní àkókò òjò. Àwọn tí ó tètè wá ni àwọn tí owó ní ìtumọ̀ pàtàkì sí. Lára wọn ni àwọn ẹrú àti ìwọ̀fà tí wọ́n rí iṣẹ́ ojú irin gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti ra ara wọn padà. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìmóríyá ibẹ̀ kọjá ṣílè tí wọ́n ń kà sí wọn lọ́wọ́. Òmìnira tí ṣílè náà yóò rà ni wọ́n ń lé.

Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé òṣìṣẹ́ olówó kì í ṣe ìwọ̀fà. Ní oṣù Ògún 1897, Gómìnà Henry McCallum gbìyànjú láti yí àkókò iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iṣẹ́ òde ìjọba ní Èkó padà. Àwọn òṣìṣẹ́ náà da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, Gómìnà sì ní láti bá wọn dúnàá-dúrà. Hopkins, tí ó kọ ìtàn ìyanṣẹ́lódì náà ní 1966, kà á sí ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìyanṣẹ́lódì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lórí pé kí wọ́n fi owó kún owó. Ọ̀rọ̀ àkókò ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ọjọ́ òṣìṣẹ́. Gómìnà pàṣẹ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí àṣẹ náà yóò kàn, ohun tí ó bí wọn nínú nìyẹn.

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, rélùwéè di iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri. Ọwọ́ kan náà tí ó ń kan irin lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wá kọ́ bí a ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Owó oṣù kì í yẹ̀, èyí sì yàtọ̀ gédégédé sí owó kòkó tí ó ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, àwọn aláṣẹ lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò, nígbà tí ó sì di 1931, wọ́n sọ owó iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ di owó wákàtí. Wákàtí tí ènìyàn bá ṣe nìkan ni wọn yóò san. Ọjọ́ ìsinmi kò sí nínú ìṣirò. Lójú aláṣẹ, ọ̀nà ìfowópamọ́ ni. Lójú òṣìṣẹ́, wọ́n ti mú ìdájú kúrò, ìdájú yìí gan-an sì ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ rélùwéè sàn ju òmíràn lọ.

4.0 Ìgbà Ogun àti Ìyanṣẹ́lódì 1945

Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba ṣe ní 1938 ṣí ọ̀nà fún àwọn òṣìṣẹ́ láti forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Michael Imoudu, tí a bí ní 1902 ní ilẹ̀ Ora ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, tí ó sì wọ iṣẹ́ rélùwéè ní 1929, ni ó wá di olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní ìparí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1941, lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ mọ́ wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Èbúté-Mẹ́ta lọ sí ilé Gómìnà Bernard Bourdillon ní erékùṣù Èkó. Gómìnà jáde sí wọn, ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì ṣèlérí àtúnṣe. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Bridges kalẹ̀ lórí ọ̀wọ́n ọjà, àbájáde rẹ̀ sì ni owó àjẹmọ́nú tí wọ́n fi kún owó oṣù ní 1942. Ohun tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà kò lè ṣe, ìrìn ẹsẹ̀ ọjọ́ kan ṣe é. Ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ níbẹ̀ ni pé bí a kò bá pariwo, kò sí ẹni tí yóò dáhùn.

Ìjọba ní tirẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní 1943, wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi òfin ìgbà ogun gbé e kúrò ní Èkó. Nígbà tí yóò fi padà dé ní oṣù Òkúdù 1945, ọjà ti wọ́n ju ti ìbẹ̀rẹ̀ ogun lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n àjẹmọ́nú tí wọ́n fi fún òṣìṣẹ́ ní 1942 kò kúrò lójú kan. Èyí tí ó tún dùn wọ́n jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó ń gba àjẹmọ́nú lórí ìyàwó àti ọmọ wọn, nígbà tí wọ́n ń sọ fún ọmọ ilẹ̀ pé kò sí owó. Ebi ń pa òṣìṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrẹ́jẹ ni ó sọ ebi náà di ìbínú.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Òkúdù 1945, ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 17 ni ó kópa nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ju 30,000 lọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí ìjọba fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún àjẹmọ́nú ọ̀wọ́n ọjà, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ ẹni tí ó kéré jù sì jẹ́ ṣílè méjì àti sísì. Ọkọ̀ ojú irin dúró, tẹlifóònù àti wáyà dákẹ́. Ìjọba ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa ní oṣù Agẹmọ. Síbẹ̀, ó lé ní oṣù kan kí àwọn òṣìṣẹ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí ó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà fara mọ́ ìdá 50 tí wọ́n béèrè ní 1946. Hubert Ogunde sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà di eré ìtàgé tí ó pè ní Strike and Hunger lọ́dún 1945 kan náà.

Báwo ni ẹni tí kò gba owó ṣe ń jẹun fún gbogbo àkókò yẹn? Àwọn ìyálọ́jà ni ìdáhùn. Lisa Lindsay, tí ó kọ̀wé lórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní 1999 àti 2003, pe àkíyèsí sí ohun kan tí ó fara sin. Níwájú ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ pé àwọn nìkan ni ó ń bọ́ ilé. Nínú ilé, òwò ìyàwó ni ó gbé wọn ró. Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, ti bá ìjọba wọ̀yá ìjà tẹ́lẹ̀ lórí òfin iye tí wọn yóò máa ta oúnjẹ, wọ́n sì dúró ti àwọn òṣìṣẹ́. Ohun tí ó ń gbé òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá nìkan, ó wà nílé pẹ̀lú.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Èkó. Láti oṣù Ọ̀wàrà 1947 títí di oṣù Ẹrẹ́nà 1948, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin Dakar sí Niger ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso yanṣẹ́ lódì. Ohun tí ó ká wọn lára jù ni kí wọ́n fi òṣìṣẹ́ dúdú àti funfun sábẹ́ ìlànà kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ wọn bí ti Èbúté-Mẹ́ta, ìdọ́gba ni ó wà lórí ahọ́n gbogbo wọn.

5.0 Ohun tí ó Dè Wọ́n Mọ́ Iṣẹ́, àti Ibi tí Àjà Ti Kàn Wọ́n Lórí

Kò ní tọ̀nà kí a sọ ìtàn rélùwéè bí ẹni pé ìjà nìkan ni ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn kì bá tí máa mú àbúrò àti ọmọ wọn wọ iṣẹ́ náà. Inú ọgbà rélùwéè ní ilé gbígbé, ilé ìwòsàn àti ibi ìgbafẹ́. Ilé ìwòsàn náà ni ó padà di Federal Medical Centre Èbúté-Mẹ́ta. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rélùwéè wà lára àwọn tí ó lókìkí jù ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1940 àti 1950, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup lọ́pọ̀ ìgbà. Awakọ̀ ojú irin a máa rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà níkàáwọ́ òun, nítorí ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ ènìyàn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí jọ ẹmu àti oúnjẹ inú ọ̀wẹ̀: wọn kì í ṣe owó, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ẹnì kan mọ rírì rẹ̀.

Ibi tí ó kù sí ni ìgbéga. Nígbà ìjọba amúnisìn, àjà kan wà tí ọmọ ilẹ̀ kò lè kọjá. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí Èbúté-Mẹ́ta rárá. Ní 1934, ìjọba ṣí Yaba Higher College, ṣùgbọ́n ipò olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n pèsè sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá jáde níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí wọn kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti yunifásítì. Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé Èkó fi ìbínú ọ̀rọ̀ yìí dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Bí ó ti rí fún akọ̀wé ni ó rí fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ-iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé òun yóò di ọ̀gá. Oníṣẹ́ ọwọ́ ní rélùwéè mọ̀ pé òyìnbó tuntun tí òun yóò kọ́ níṣẹ́ ni yóò di ọ̀gá òun.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wá ìgbéga síbòmíràn. Adrian Peace, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní ẹ̀yìn odi Èkó (1979), fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn rí iṣẹ́ owó oṣù gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti kó owó jọ kí wọ́n lè dá dúró lẹ́nu òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn. Sandra Barnes náà, nínú ìwé rẹ̀ lórí Mùṣin (1986), ṣàlàyé bí ẹni tí ó bá ra ilẹ̀, tí ó sì kọ́lé níbẹ̀ ṣe ń di ẹni tí à ń wárí fún láàrin àdúgbò. Kí a máa ṣe pe èyí ní ọ̀lẹ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ iṣẹ́. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó di ọ̀gá níbi iṣẹ́ lọ di onílé ní Mùṣin. Ìtara rẹ̀ kò kú, ó kàn ṣí lọ ni.

6.0 Owó Pọ̀, Orí Kò Yá: 1955 sí 1975

Ní 1955, rélùwéè di àjọ tí ó dá dúró, ọmọ ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sí ipò gíga. Àwọn ènìyàn rò pé ìjà yóò dópin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1960, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí T. O. Elias jẹ́ alága rẹ̀ gbé àbọ̀ kalẹ̀ lórí ètò ìṣàkóso, ọrọ̀ ajé àti àjọṣe òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀gá ní rélùwéè. Ìyẹn fi hàn pé àwọ̀ ọ̀gá ti yí padà, ṣùgbọ́n ìṣe ọ̀gá kò tí ì yí tó.

Ní 1963, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adeyinka Morgan kalẹ̀ lórí owó oṣù. Ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba fi àbọ̀ rẹ̀ pamọ́ títí sùúrù òṣìṣẹ́ fi tán. Nígbà tí wọn yóò sì gbé èrò tiwọn jáde, iye tí wọ́n fara mọ́ kéré sí èyí tí ìgbìmọ̀ dá lábàá. Ní oṣù Òkúdù 1964, ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò tún bẹ́ sílẹ̀, ó sì tó bí ọ̀sẹ̀ méjì. Imoudu wà níwájú, bẹ́ẹ̀ náà ni H. P. Adebola, òun náà ọmọ rélùwéè. Ìjọba tún joyè a-fúnni-lẹ́yìn-ìjà: wọ́n gbà láti fi kún un lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè ti dúró.

Simeon Adebo, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní àwọn ọdún 1930, ni ìjọba fi ṣe alága ìgbìmọ̀ owó oṣù ti 1970 sí 1971. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Jerome Udoji dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ìjọba san owó tuntun tí Udoji dá lábàá fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì san ti oṣù ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó epo rọ̀bì ni ó mú un ṣeé ṣe. Ọjà gbówó lórí lójú ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni da iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí tiwọn gbà. Orúkọ Udoji di orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe owó òjijì.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Kò tí ì sí ìgbà kan ṣáájú 1975 tí ìjọba fi owó tí ó tó bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó wá pìtàn àsìkò náà gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ìtara òṣìṣẹ́ ìjọba rú jáde. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Owó Udoji kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú bí ẹnì kan ṣe ṣiṣẹ́ sí. Ẹni tí ó làágùn àti ẹni tí ó ń sùn lórí tábìlì jọ gbà á. Òwe tí ó ní yinniyinni ní ìtumọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tí à ń tìtorí rẹ̀ yin ẹni. Owó tí kò tọ́ka sí iṣẹ́ kankan kò lè rán ẹnikẹ́ni padà sẹ́nu iṣẹ́.

7.0 Ìgbà tí Ọkọ̀ Dúró

Láti ìgbà yìí lọ, títì ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà kó ẹrù, ojú irin sì ń gbó. Láti 1979 sí 1982, ìjọba gbé àkóso rélùwéè lé ilé-iṣẹ́ RITES ti ilẹ̀ Íńdíà lọ́wọ́, nǹkan sì sàn díẹ̀. Nígbà tí àdéhùn náà parí, ìṣòro padà wálé. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tún mú kí náírà rọ, ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì di ọ̀wọ́n. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ owó oṣù tí kò dé lásìkò àti owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé rárá ni a mọ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè.

Àkókò yìí ni a lè sọ pé òṣìṣẹ́ rélùwéè pàdánù ohun gbogbo tí ó ń mú orí rẹ̀ yá. Owó kò dé lásìkò, nítorí náà ìdájú lọ. Ọkọ̀ kò rìn, nítorí náà iṣẹ́ náà kò ní láárí mọ́. Kí ni onímọ̀ ẹ́ńjìnnì fẹ́ fi yangàn níwájú ẹ́ńjìnnì tí ó ti dípẹtà? Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì ń tò káàkiri fún ẹ̀tọ́ rẹ̀, àwọn tí ó kù lẹ́nu iṣẹ́ sì ń wò ó, wọ́n ń rí ọ̀la tiwọn. Ọ̀rọ̀ pé a kì í làágùn ṣe iṣẹ́ ìjọba bá ìgbà náà mu wẹ́kú. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé kì í ṣe àbínibí. Baba àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí làágùn. Ẹni tí ó bá rí i pé òógùn òun kò mú nǹkan kan jáde ni ó máa ń nù ún nù, tí ó sì jókòó.

Ìjọba gbìyànjú àtúnṣe lẹ́yìn náà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tuntun jáde ní 2004, níbi tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti jọ ń dá owó sílẹ̀ lóṣooṣù. Ní oṣù Ọ̀pẹ́ 2012, ọkọ̀ ojú irin tún rìn láti Èkó dé Kano. Ní oṣù Òkúdù 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, ibùdókọ̀ ńlá rẹ̀ sì wà ní Èbúté-Mẹ́ta, tí wọ́n fi sọrí Mobolaji Johnson. Ní 2024, òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù di 70,000 náírà, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì mìíràn. Imoudu kò sí láyé rí èyí. Ó kú ní 2005. Ilé-ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ó wà ní Ìlọrin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi ìtàn rélùwéè Èbúté-Mẹ́ta dáhùn ìbéèrè kan: kí ni ó ń mú kí òṣìṣẹ́ fi ọkàn sí iṣẹ́ tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀? Kókó mẹ́rin ni ó jáde. Èkíní, owó tí kò tó jẹun a máa pa ìtara, ṣùgbọ́n owó tí ó pọ̀ kò lè dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀; 1945 àti 1975 jẹ́rìí sí èyí. Èkejì, ìdájú ṣe kókó ju iye lọ. Ohun tí owó wákàtí 1931 bàjẹ́ kò yàtọ̀ sí ohun tí owó oṣù tí kò dé bàjẹ́ ní àwọn ọdún 1990. Ẹ̀kẹta, ẹni tí kò bá rí ọ̀nà ìgbéga níbi iṣẹ́ yóò gbé ìtara rẹ̀ lọ síbi tí ọ̀nà wà. Ẹ̀kẹrin, láti 1897 wá, ìbínú òṣìṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àìní nìkan. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a kò bá bi í léèrè, tàbí tí a bá bi í tán tí a kò dá a lóhùn.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó wúwo jù. Ní 1942, 1946 àti 1964, ìjọba fún òṣìṣẹ́ ní ohun tí ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jà fún un. Owó kan náà, bí ó bá dé lásìkò, ìyìn ni. Bí ó bá dé lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, ìkógun ni. Ẹni tí ó gba ìkógun kì í dúpẹ́, kì í sì í tìtorí rẹ̀ ṣe kún iṣẹ́; ogun mìíràn ni ó ń múra sílẹ̀ fún. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ làágùn, yálà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Yábàá tàbí ní ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Mùṣin àti Sùúrùlérè, kò nílò kí ó dúró de ọjọ́ tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn tí ó ń pe ọ̀wẹ̀ láyé àtijọ́ mọ èyí. Kí àwọn ènìyàn tó dé oko ni wọ́n ti ń gún iyán.